Ìwé Díísù Mátírọ̀nì

Ìwé náà kò ju ìwé ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, olójú-ewé 60, tí wọ́n fi bébà ìwé ìròyìn wé lẹ́yìn. Mátírọ̀nì ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò wa ní Èbúté Mẹ́tta ló yọ ọ́ nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, tó sì fi lé mi lọ́wọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. "Àǹtí Akápò, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí." Ó ti fi rúlà fa ìlà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, iye lítà, iye owó, ẹni tó san án, ìbuwọ́lùwé. Gbogbo díísù tí wọ́n ti dà sínú jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ló wà níbẹ̀.

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, èyí tí gbogbo Èkó mọ̀ sí CDA. Iṣẹ́ ìṣirò owó náà ni mo sì fi ń jẹun láti ọjọ́ tí mo ti jáde iléèwé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn aláboyún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà bí mo ṣe máa ń ka ìwé owó àwọn oníbàárà mi. Ní oṣù kìíní 2022, lítà 10 jẹ́ ₦2,900. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, lítà 10 ti di ₦8,200. Nígbà tí mo ṣí i dé ọdún 2024, lítà 10 ti kọjá ₦10,000, iye lítà tí wọ́n ń rà lẹ́ẹ̀kan sì ti ń kéré sí i: 10 di 7, 7 di 5. Ní ojú ewé kan, lítà 2 péré ni wọ́n kọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye owó ló gbà mí lọ́kàn jù. Ìlà kẹrin ni, ìlà ẹni tó san án. Níbẹ̀rẹ̀ ìwé, "káńsù" ló pọ̀ jù. Nígbà tó yá, "Mátírọ̀nì" bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Lẹ́yìn náà ni "Nọ́ọ̀sì" dé, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù. Nígbà tó wá di àárín ọdún 2023, mo rí ohun tí n kò rí rí nínú ìwé ìṣirò owó kankan: "ọkọ aláboyún". Ó wà níbẹ̀ ní oṣù kẹfà, ó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù kẹjọ. Mo béèrè lọ́wọ́ Mátírọ̀nì, ó wolẹ̀. Obìnrin ń rọbí ní òru, iná ọba ti lọ, kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ní kí ọkọ lọ wá díísù wá kí wọ́n lè ríran gba ẹ̀bí ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé kẹ́ẹ̀gì, ó ń sáré káàkiri lágogo méjì òru.

Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn di òní.

Ẹni tí kò bá mọ ilé ìwòsàn alábọ́dé lè rò pé iná gílóòbù nìkan ni ọ̀rọ̀ náà. Fíríìjì òògùn àjẹsára wà níbẹ̀. Òògùn yẹn gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, lọ́sàn-án àti lóru. Bó bá gbóná kọjá bó ṣe yẹ, ojú lásán kò lè mọ̀ pé agbára rẹ̀ ti lọ. Ìyá á gbé ọmọ wá, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, ìyá á sì padà sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ tí kò ní ìpìlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Mátírọ̀nì fi ń fi owó ara rẹ̀ ra epo.

Mo ro gbogbo owó inú ìwé náà pọ̀. Mo wá pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá àwọn èèyàn gbé sólà sílé, tó ń ra ọjà rẹ̀ ní Àlàbá. Ó wá, ó ka gílóòbù, ó ka fáànù, ó fi ẹ̀rọ wọn iye iná tí fíríìjì ń jẹ. Ó kọ iye rẹ̀ fún mi: páńẹ́ẹ̀lì, ínfátà, bátìrì, wáyà, owó iṣẹ́. Mo gbé bébà tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé díísù. Owó tí wọ́n ti fi ra díísù láàárín ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ tó owó rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ti kọjá lọ, èéfín nìkan ni a rí.

Ohun tí mo wá sọ nìyí, n ó sì sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Owó tí a nílò láti fi tan iná sí ilé ìwòsàn, sí ọjà, sí ọ́fíìsì káńsù àti sí ojú títì, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde lápò ìjọba ìbílẹ̀ àti lápò àwa aráàlú tẹ́lẹ̀. Díísù àti iná tí a ń fi ṣòfò ló ń gbé e lọ. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé kò sí owó. Owó wà, díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, ibi tó sì ń gbà jáde kò jẹ́ kó ṣeé kó jọ.

Ẹ wo bí ètò ìṣúná káńsù ṣe rí. Àpò méjì ni. Àpò kan wà fún ìnáwó ojoojúmọ́: owó oṣù, epo, bébà, àtúnṣe kéékèèké. Àpò kejì wà fún iṣẹ́ ńlá: ọ̀nà, gọ́tà, ilé, omi ẹ̀rọ. Inú àpò kìíní ni díísù ti ń jáde, ìbuwọ́lùwé ẹnì kan sì tó láti gbà á. Inú àpò kejì ni sólà wà. Níbẹ̀, òun àti gọ́tà àti ọ̀nà ló jọ ń du àyè, ó sì gbọ́dọ̀ dúró kí ìgbìmọ̀ jókòó, kí àwọn agbaṣẹ́ṣe kọ̀wé, kí ọdún yí. Ẹni tó jókòó sídìí àpò kìíní kò lè sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n fi owó díísù ọdún mẹ́ta san owó sólà lẹ́ẹ̀kan náà." Kò ní àṣẹ rẹ̀. Nítorí náà á máa ra lítà márùn-ún márùn-ún lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, gọ́tà, ó sì dárúkọ iná ojú títì pẹ̀lú. Owó wọn ni ó ti ń lọ́ pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí pé inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ní ló ń gbà kọjá. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ní Èkó tiwa, ọ̀rọ̀ náà tún ní kókó mìíràn: ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ìwé òfin mọ̀, ṣùgbọ́n a ti fi LCDA 37, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ kéékèèké tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, kún un láti 2003, owó ènìyàn 20 sì ni ènìyàn 57 ń pín jẹ. Ẹni tó bá ń ṣírò bí káńsù á ṣe san gbèsè gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí a wá olùrànlọ́wọ́. Mi ò kọ ìrànlọ́wọ́. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé sólà sí iléèwé 172 àti ilé ìwòsàn alábọ́dé 11. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n páńẹ́ẹ̀lì lè lo ọdún 25. Bátìrì olómi kì í sábà ju ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Ẹni tó fúnni ní páńẹ́ẹ̀lì á ti padà sílé rẹ̀ nígbà tí bátìrì bá kú.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà lójú pópó wa. Ẹnì kan tó ń du ipò nígbà náà gbé òpó iná sólà kan wá fún wa. Ó tàn fún ọdún kan àti díẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ta àkàrà àti búrẹ́dì kó sábẹ́ rẹ̀, ọjà wọn sì ń tà di agogo mọ́kànlá. Nígbà tó yá, iná náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lágogo mẹ́wàá, lẹ́yìn náà lágogo mẹ́jọ, títí kò fi tàn mọ́. Bátìrì ni. Mo lọ sí káńsù láti béèrè ẹni tó máa pààrọ̀ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó dá mi lóhùn ṣí fáìlì, ó fi ìka tọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Mà, òpó yẹn kò sí nínú ìwé ohun ìní wa." Ó tọ̀nà. Kò sẹ́ni tó fà á lé wọn lọ́wọ́. Ohun tí kò sí nínú ìwé kò lè ní owó àtúnṣe. Òpó náà ṣì wà níbẹ̀ di òní. Okùn ìsáṣọ ni wọ́n so mọ́ ọn.

Kí n tó dé orí ibi tí owó ti lè wá, ohun kan wà tí ọ̀dọ́mọkùnrin onísólà yẹn kọ́ mi. Kó tó kọ iye sólà, ó ní kí a kọ́kọ́ dí ojú ihò. Gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná bí ààrò, kí a pa á tì. Fíríìsà ògbólógbòó kan tí wọ́n ń fi omi tútù sínú rẹ̀, kí a gbé e kúrò. Iná ẹ̀yìnkùlé tó ń tàn lọ́sàn-án gangan, kí a fún un ní súwíìsì tirẹ̀. Nígbà tó yọ gbogbo ìyẹn kúrò, ó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe lójú mi, ìdá kan nínú mẹ́ta sì yẹ̀ kúrò lórí iye tó kọ́kọ́ kọ. Gílóòbù kò ṣeé gé rìbọ́n sí bíi páńẹ́ẹ̀lì, ìdí nìyẹn tí mo rò pé àwọn alága kì í fi í kà.

Mo ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún iná ojú títì. Ẹ jẹ́ ká mú òpó 100. Gílóòbù aláwọ̀ ọsàn àtijọ́ tó ń jẹ wáàtì 250 lè kúrò fún LED wáàtì 100, kí ojú ọ̀nà sì mọ́lẹ̀ bó ṣe wà. Bí wọ́n bá tàn fún wákàtí 11 lóru, ti àtijọ́ á jẹ kìlówáàtì-wákàtí 275, LED á jẹ 110. Èrè òru kan jẹ́ 165. Ní oṣù kẹrin 2024, nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, sókè, ẹyọ kìlówáàtì-wákàtí kan di ₦225. Ẹ fi sọ 165 di púpọ̀: ₦37,125 lóru kan. Láàárín ọdún kan, ó lé ní mílíọ̀nù 13.5 náírà. Òpó 100 péré nìyẹn o.

Ibo ni owó yẹn á wà? Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà.

Ìyá mi ta gààrí àti ẹ̀wà lọ́jà Ọ̀yìngbò fún ọdún tó lé ní 30. Alájọ kan wà tó máa ń kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Káàdì àjọ náà ní ilé kéékèèké 31, alájọ á fi bíírò sàmì sí ọ̀kan lójúmọ́. Ní ìparí oṣù, ìyá mi á gba owó rẹ̀, àfi ti ọjọ́ kan; ti alájọ nìyẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó dùn mí pé alájọ ń mú owó ọjọ́ kan. Mo ní kí ìyá mi fi owó rẹ̀ pamọ́ sílé. Ó ní, "Ọmọ mi, bí mo bá fi sílé, n ó ná an. Owó ọjọ́ kan tí mo fún un ló ń ṣọ́ ọgbọ̀n ọjọ́ tó kù." Yàtọ̀ sí àjọ, ó tún ń dá èésú pẹ̀lú àwọn obìnrin 11 mìíràn. Bí ọ̀kan bá kó, ó ṣì gbọ́dọ̀ máa dá títí tí gbogbo wọn á fi kó tán. Èésú yẹn ni wọ́n fi san owó iléèwé mi.

Ní ìlú Stuttgart, ní Jámánì, láti 1995 ni wọ́n ti ń ṣe ohun tí mo lè pè ní èésú láàárín àwọn ẹ̀ka ìjọba ìlú wọn. Owó kan wà nílẹ̀ tó jẹ́ ti ìlú. Bí iléèwé kan bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù tàbí ẹ̀rọ amúlégbóná rẹ̀, ẹ̀ka tó ń mójú tó àyíká á fún un lówó láti inú rẹ̀. Iléèwé náà kò san èlé. Iye tó bá dín kù lórí owó iná rẹ̀ ni á máa fi san án padà, títí gbèsè á fi tán. Owó tó padà wọlé, ẹlòmíràn á kó o. Kò sí báńkì láàárín wọn, kò sí àjèjì. Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni pé owó tí iléèwé rí fi pamọ́, kò sẹ́ni tó wá já a gbà.

Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo ti kà nípa rẹ̀, èyí ni mo fẹ́ràn jù fún káńsù tiwa, nítorí pé a ti mọ̀ ọ́n ṣe. N ó sì fi ọgbọ́n alájọ kún un: kí owó ọjọ́ kan lóṣù jẹ́ ti bátìrì. Kí a tó pín èrè, kí a tó san gbèsè, ọjọ́ kan nínú oṣù kọ̀ọ̀kan á lọ sápò àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ká ní òpó ojú pópó wa ní irú àpò bẹ́ẹ̀ ni, àwọn alákàrà á ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní Íńdíà, láti 2015, iléeṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ EESL ń ra gílóòbù LED lọ́pọ̀ yanturu, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Ó ń fi owó ara rẹ̀ gbé e sórí òpó àwọn ìlú, àwọn ìlú náà á sì máa fi owó iná tó dín kù san án fún un lọ́dọọdún. Gílóòbù tí wọ́n ti pààrọ̀ lọ́nà yìí ti lé ní mílíọ̀nù 10. Nítòsí wa níbí, ní Erékùṣù Èkó, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ọjà Sura rí iná gbà lábẹ́ ètò REA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú iná dé ìgbèríko, láìjẹ́ pé ọjà náà ra ẹ̀rọ: oníṣẹ́ aládàáni ló gbé owó àti ẹ̀rọ wá, wọ́n sì ń san owó ohun tí wọ́n bá lò. Ẹ̀rọ gáàsì ni o, kì í ṣe sólà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìsanwó kan náà ló lè gbé sólà.

Ti báńkì ló ṣòro. Ní oṣù kọkànlá 2024, báńkì àpapọ̀ gbé ìwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye tí báńkì á wá gbà lọ́wọ́ oníbàárà á tún ju ìyẹn lọ. Sólà tó ń fi ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin san owó ara rẹ̀ kò lè gbé irú èlé bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ọdún mẹ́rin sì ni alága ń lò lórí àléfà ní Èkó. Báńkì á béèrè pé bí alága tuntun bá dé, tó ní òun kò mọ̀ nípa gbèsè náà ńkọ́? Onídùúró ni ọ̀rọ̀ náà ń wá. Ìjọba àpapọ̀ gba ₦10.69 bílíọ̀nù ní oṣù kejìlá 2017 nípa títa bọ́ǹdì aláwọ̀ ewé, ìyẹn ìwé ẹ̀yáwó fún iṣẹ́ tó dáàbò bo àyíká. Ní 2019, iléeṣẹ́ amúnáwá North South Power ta tirẹ̀, ₦8.5 bílíọ̀nù tí yóò san láàárín ọdún 15, nítorí pé InfraCredit, iléeṣẹ́ tó ń dúró fún ẹni tó bá yá irú owó bẹ́ẹ̀, ṣe onídùúró fún un. Ọdún 15! Káńsù kan kò lè dá irú ọjà bẹ́ẹ̀ nà. Ṣùgbọ́n bí káńsù 57 bá da orúkọ ilé ìwòsàn, ọjà àti òpó iná wọn pọ̀ sínú ìwé kan, tí ìpínlẹ̀ sì dúró lẹ́yìn wọn, ó ti di ohun tí onídùúró lè jókòó gbọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin iná mànàmáná tirẹ̀ láti ìparí 2024. Mi ò tíì rí ohun tó dí ọ̀nà náà ní ti òfin.

Mo kó gbogbo ìṣirò mi lọ sí káńsù kan. Ọ̀gá tó ń mójú tó owó níbẹ̀ gbà mí dáadáa, ó ní kí n jókòó, ó ka bébà náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Mà, ìṣirò yín pé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Bí ilé ìwòsàn yẹn kò bá ra díísù lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á yọ owó díísù kúrò nínú ètò ìṣúná rẹ̀. Kí ló máa wá fi san gbèsè?"

Mi ò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà kò fi ìkà sọ ọ́. Bí nǹkan ṣe ń lọ ló sọ fún mi. Ẹni tó bá dín ìnáwó kù, wọ́n á dín owó tirẹ̀ kù. Bí ìyá mi ṣe ń dá àjọ ni, kí alájọ wá sọ fún un lópin oṣù pé, níwọ̀n ìgbà tó ti lè fi owó pamọ́, kò nílò owó náà mọ́. Ta ló máa dá a lẹ́ẹ̀kejì? Ìlà kan péré ni mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ àwọn kánsẹ́lọ̀ fi sínú òfin ìṣúná wọn: pé owó iná tí ilé ìwòsàn, iléèwé tàbí ọjà bá rí fi pamọ́ nípa iṣẹ́ tí a fọwọ́ sí, a kò ní yọ ọ́ títí gbèsè iṣẹ́ náà á fi tán, àti pé owó bátìrì á máa wà nílẹ̀.

A kò jókòó dúró de ìlà yẹn. Ní ìpàdé CDA, mo ka ìwé díísù sókè. Nígbà tí mo dé "ọkọ aláboyún," Bàbá Alága ní kí n dúró ná. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n fi sórí orúnkún, wọ́n ní kí ilé dákẹ́. A ti dá owó ra tiransifọ́mà rí ní àdúgbò yìí. A mọ bí wọ́n ṣe ń dá owó. A pààrọ̀ gbogbo gílóòbù ilé ìwòsàn náà, a sì fún ògbólógbòó fíríìsà yẹn ní ìsinmi. Díísù tí wọ́n ń rà dín kù. Owó tí CDA ti ń fi ràn wọ́n lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ kò dín kù ní tirẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ń lọ sí àkáǹtì kan tí ènìyàn mẹ́ta ń buwọ́ lù: Mátírọ̀nì, èmi, àti ìyá kan lára àwọn tó ń ta àkàrà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, ó tó ra páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, ínfátà kékeré kan àti bátìrì, fún yàrá ìgbẹ̀bí nìkan. Fíríìjì òògùn ṣì wà lórí iná ọba àti jẹnẹrétọ̀. Òun ló kàn.

Àwọn kánsẹ́lọ̀ ti gbà kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Ìwé méjì ni n ó mú lọ. Èkejì jẹ́ tuntun, Mátírọ̀nì ló fa ìlà sí i bíi ti àkọ́kọ́, àfi pé ó fi ìlà kan kún un fún iye ọmọ tí wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀ lóru. Mo ṣí i lánàá. Ní ọjọ́ 14: díísù, òdo. Níbi ẹni tó san án, ó fa ìlà gbọọrọ kan kọjá. Ọmọ, méjì: obìnrin lágogo kan kọjá ìṣẹ́jú 20, ọkùnrin lágogo mẹ́rin ku díẹ̀.